Ara Bàbá mi, Bàbá mi ló ni ín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà níbí ní Iléṣà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ìwé ìròyìn yín ni mo sì máa ń kà lọ́sàn-án tí ọjà bá dá. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí. Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ló jẹ́ kí n mú bírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá jókòó tì mí, ó ní àyẹ̀wò ìyá òun ti jáde, jẹjẹrẹ ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ó ní dókítà pe àwọn ọmọ sí ìta, ó sọ fún wọn pé oògùn ò lè wò ó sàn mọ́, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Aláṣọ, irú irọ́ wo lẹ pa fún Bàbá nígbà tiyín? Ẹ kọ́ mi."

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú. Lóòótọ́ ni mo parọ́ fún bàbá mi, mo sì mọ̀ ọ́n pa. Mo fẹ́ sọ ohun tí irọ́ náà ṣe fún wa, kí àwọn dókítà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, àti àwa ọmọ tí à ń ti àwọn dókítà sínú rẹ̀, lè gbọ́.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ń tà á láwìn, ó wá ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ní kó jókòó, á ní òun ò jókòó, òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Ọdún 1957 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n ná Ìkìrun, wọ́n ná Ọ̀fà, wọ́n dé Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní ìwé gbèsè kan, ìwé gígùn ẹlẹ́yìn dúdú, tí orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n lówó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye ọ̀pá aṣọ tó rà, iye tó ti san àti iye tó kù. Nígbà tí wọ́n fi ìrìn-àjò sílẹ̀ tí wọ́n wá ṣí ìsọ̀ tí mo wà yìí, ìwé náà bá wọn wá. Bàbá ò fẹ́ràn kí nǹkan wà láìparí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní 2021, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún wọn láti tọ̀. A rò pé àgbà ló dé. Nígbà tó di 2022, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n débi pé wọn ò lè lóṣòó mọ́, òṣómàáló tó fi òṣó ṣe iṣẹ́ jẹun. Nígbà yẹn la gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ìlú tó wà, nítorí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ pírósítéètì ni, èyí tó máa ń mú ọkùnrin nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ó sì ti wọ eegun ẹ̀yìn àti eegun ìbàdí.

Dókítà àgbà ibẹ̀ ò bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wálé láti Èkó ló pè sí ọ́fíìsì, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sì fi sùúrù ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ẹ má sọ fún wọn o. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lónìí, wọn ò ní jí lọ́la." Dókítà ní kò burú, ẹ̀yin lẹ ni bàbá yín. Bí a ṣe fẹnu kò níbẹ̀ nìyẹn pé làkúrègbé ni a ó máa pè é.

Ẹ̀yin lẹ ni bàbá yín. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò lọ́kàn mi. A ni wọ́n lóòótọ́, bí ọmọ ṣe ń ní bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn, ta ló ni ín?

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Èkó. Èmi ni mo ń gbé irọ́ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn láràárọ̀ pẹ̀lú ògì. "Bàbá, làkúrègbé kì í tètè lọ. Ẹ fara dà á." Bàbá á ní, "Bí ẹ̀yìn yìí bá ti fi mí sílẹ̀ díẹ̀, mo ní ibì kan tí mo fẹ́ dé ní Ọ̀fà." Wọ́n sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá béèrè, ojú mi á fi hàn pé wọn ò lè dé Ọ̀fà mọ́ láé.

Lẹ́yìn náà ni kídìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, nítorí ìtọ̀ tí kò ráyè jáde. Dókítà ní kí á máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bàbá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó máa wo ẹ̀yìn mi sàn?" Dókítà ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ara yín á yá." Bàbá ní ìyẹn kọ́ ni àwọn béèrè, pé tí kò bá ní wo ẹ̀yìn sàn, àwọn ò fẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ketekete. Orí wọn pé, wọ́n ṣì ń ṣírò ṣéńjì fún ẹni tó bá lọ ra omi fún wọn. Dókítà yí padà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó na fọ́ọ̀mù sí ẹ̀gbọ́n mi tó tún ti wálé, ẹ̀gbọ́n mi sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà, ₦35,000 lẹ́ẹ̀kan. Owó kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí wọ́n gbé wọn padà dé lẹ́ẹ̀kejì, tí ara wọn ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa, Bàbá kọjú sí ògiri, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Bàbá mi tó máa ń bá onígbèsè ṣe àríyànjiyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ dákẹ́. Wọ́n ti sọ̀rọ̀, a ò gbọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Lóru ọjọ́ kejì yẹn, dókítà ọmọbìnrin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọdé ni, kò lè tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Èmi dùbúlẹ̀ sórí ẹní nílẹ̀, ó rò pé mo ti sùn. Bí ó ṣe ń yẹ omi ara wọn wò, Bàbá yíjú padà láti ara ògiri, wọ́n ní, "Ọmọ ibo ni ọ́?" Ó ní ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni òun. Bàbá ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ́ nìyẹn, o ò ní parọ́ fún mi. Ṣé n ó rí ọdún Iwúdé wa tọdún yìí?"

Mo di ara mi mú. Mo rò pé á ní "Ẹ ó rí i, Bàbá, lágbára Ọlọ́run," bí gbogbo wa ṣe ń sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú wọn dọ́gba. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe yín?"

Bàbá ní, "Ikú ni mo rò pé ó jẹ́."

Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún yín, àbí kí n sọ díẹ̀, àbí kí á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn? Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ ni."

Bàbá ní, "Gbogbo rẹ̀ ni kó o sọ. Owó ni mo fi ayé mi gbà, mi ò sì gba àbọ̀ rí."

Ó sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú Yorùbá, láìfi ọ̀rọ̀ dókítà kankan dà á rú. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti wọ eegun, ó ti di ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa, ìyẹn ló sì ń ba kídìnrín jẹ́. Ó ní kò sí ohun tó lè mú un kúrò mọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun ò rò pé á tó oṣù mélòó kan. Ó wá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ wọn, ó ní, "Ohun tí a lè ṣe ṣì pọ̀, Bàbá. Ìrora yẹn, a lè lé e. Ẹ ò sì ní dá nìkan wà." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Lọ sinmi díẹ̀." Wọ́n sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun tí wọn ò ṣe rí láti ìgbà tí a ti dé ibẹ̀. Èmi tí mo wà nílẹ̀ ni mo ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹkún mi má baà ta sí wọn létí.

Wọ́n sì jí. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n bá gbọ́ wọn ò ní jí. Wọ́n jí, wọ́n bu ògì mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n ní kí n lọ bá wọn mú ìwé ẹlẹ́yìn dúdú wá láti ilé, kí n sì sọ fún àwọn dókítà pé àwọn ń lọ sílé, àwọn ò ṣe ẹ̀rọ kankan mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ojú fi ń tì mí dòní. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n pariwo mọ́ dókítà àgbà. Dókítà àgbà pe ọmọbìnrin náà sí ọ́fíìsì. Ilẹ̀kùn ò dé tán, mo sì gbọ́: "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé ìwọ lo gba aláìsàn náà wọlé ni?" Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kó dé wọ́ọ̀dù Bàbá mọ́. Èmi mọ ohun tó ṣe fún Bàbá. Ó yẹ kí n wọlé, kí n ní bàbá mi ló béèrè, wọ́n sì ti ń sùn látìgbà tó ti dá wọn lóhùn. Mi ò wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé ọwọ́ létan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá lọ́yà kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọbìnrin yẹn ṣẹ̀ sí òfin. Lọ́yà ní ọmọbìnrin náà gan-an ló pa òfin mọ́. Ó mú Òfin Ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2014 jáde, ó sì ka abala 23 fún mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ó ní dandan ni kí oníṣègùn sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún aláìsàn fúnra rẹ̀, kó sọ oríṣiríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tó máa ná an àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kó sì sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, kó ṣàlàyé ohun tí kíkọ̀ náà lè fà. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé òfin náà ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé aláìsàn, kí wọ́n sì wo bí ìwé tó kà ṣe mọ. Àga tí ọmọ Ẹ̀sà-Òkè fà, tó jókòó lé, tó fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ó ti wà nínú ìwé òfin, àwa ni a ò mọ̀.

Lọ́yà ò fi ibì kan pamọ́ fún mi. Ó ní òfin náà gbà pé dókítà lè dákẹ́ bí ẹ̀rí tó nípọn bá wà pé sísọ ọ́ kò ní ṣe aláìsàn láǹfààní. Mo bi í pé ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ dókítà ní ọ́fíìsì, ṣé ẹ̀rí ni? Ó ní rárá, ìbẹ̀rù ọmọ nìyẹn jẹ́. Ó yẹ kí dókítà ti yẹ Bàbá wò fúnra rẹ̀, kó bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́. Àwọn kan wà tí wọn ò ní fẹ́ gbọ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ kí gbogbo Ìjẹ̀ṣà mọ̀. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ṣàìsàn lẹ́yìn ìbímọ, ó ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀, ó ti tọwọ́ bọ ìwé lórí rẹ̀. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá bọ̀wọ̀ fún ohun tó sọ, ó tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá dókítà náà lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre. Nígbà tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2001, àwọn adájọ́ ibẹ̀ náà dá a láre. Wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, kódà bí kíkọ̀ náà bá máa pa á, dókítà ò sì gbọdọ̀ fi tipátipá ṣe é. Wọ́n ní bí ìdí kan bá wà láti borí ohun tó fẹ́, ilé ẹjọ́ ló lè ṣe ìyẹn, kì í ṣe dókítà. Adájọ́ tó ka olórí ìdájọ́ náà jáde ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ni Adájọ́ Emmanuel Ayọ̀ọlá, tí wọ́n di olóògbé ní 2024. Ọmọ Iléṣà níbí ni wọ́n. Nígbà tí lọ́yà sọ ìyẹn, mo mí kanlẹ̀. Ọmọ ìlú wa ti dá ẹjọ́ Bàbá ní ọdún mọ́kànlélógún kí wọ́n tó na fọ́ọ̀mù sí ẹ̀gbọ́n mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa aláìsàn tàbí kó ràn án lọ́wọ́ láti para rẹ̀. Òfin wa ò gbà á, ìlànà àwọn dókítà Nàìjíríà ò gbà á, Bàbá ò sì béèrè rẹ̀. Kí wọ́n gba ẹ̀rọ kúrò lára wọn, kí wọ́n lé ìrora, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ sílé, ìyẹn náà ni wọ́n béèrè.

Àwọn kan máa ń ní àṣà Yorùbá ni kéèyàn má sọ fún aláìsàn pé ikú ń bọ̀. Ibo ni wọ́n ti rí i? Nígbà tí bàbá tó bí bàbá mi fẹ́ kú ní Ìjọ̀fì, wọ́n pe gbogbo ọmọ jọ, wọ́n pín oko, wọ́n sọ ẹni tó jẹ wọ́n àti ẹni tí wọ́n jẹ, wọ́n wúre fún kálukú lórúkọ lórúkọ, wọ́n sì kú ní ọjọ́ kẹta. Ta ni kò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wọn? Àṣà wa nìyẹn. Báwo wá ni àgbà ṣe máa pe ọmọ jọ bí gbogbo ilé bá ń sọ fún un pé làkúrègbé ni? Ikú òjijì là ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má fi pa àgbà wa, torí kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi oṣù méjì kú, tí kò sí ẹni tó sọ fún un, ikú òjijì náà ló kú, àwa ọmọ rẹ̀ la sì fi pa á.

Nígbà tí Bàbá ní àwọn ń lọ sílé, ẹnìkan júwe dókítà kan fún mi ní Ilé-Ifẹ̀ tó mọ̀ nípa ìtọ́jú irú àìsàn yìí. Mo wọ mọ́tò lọ bá a. Ó gbà láti máa tọ́jú wọn nínú ilé, òun àti nọ́ọ̀sì kan. Ní ilé ìwòsàn tí a ti kúrò, abẹ́rẹ́ apàrora kan tó ń jẹ́ pẹntasọsìn ni wọ́n ń gún fún wọn, nígbà tí wọ́n bá ti kígbe, kò sì ju wákàtí mẹ́ta lọ tó fi ń tán lára wọn. Dókítà Ifẹ̀ fi mọ́fíìnì olómi, oògùn apàrora tó lágbára, rọ́pò rẹ̀, ó korò bí ewúro, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń mu ún. Ó ní ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dára máa ń mu ún ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ṣùgbọ́n nítorí kídìnrín Bàbá, ó bu ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì jẹ́ kí ó jìnnà síra. Ó ní kí a máa fún wọn lásìkò rẹ̀, kí a má dúró de igbe. Ó kọ oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn, torí mọ́fíìnì máa ń mú kí inú dì. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà bí a ṣe ń lé ìrora jẹjẹrẹ jáde láti 1986, mọ́fíìnì sì wà nínú rẹ̀. Ó dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ti ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, pé wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ irú ìtọ́jú yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo rántí pé mo bi í léèrè pé tó bá ti wà tipẹ́tipẹ́ báyìí, kí ló dé tí bàbá mi fi ké fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún? Kò fèsì. Ó kàn gbé ojú sílẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàbá lò nílé, nínú yàrá tiwọn ní Ìjọ̀fì, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n ṣí àpótí onírin abẹ́ ibùsùn. Risíìtì ilẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ọ̀rẹ́ wọn kan, òṣómàáló bíi tiwọn, ló fi í pamọ́ sọ́wọ́ wọn kó tó kú ní 1994, pé ọmọ tí òun bí sí Ọ̀fà ló ni púlọ́ọ̀tì méjèèjì, pé bí àwọn ará ilé òun bá mọ̀, ọmọ náà ò ní rí i. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ láyé. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní Ọ̀fà nìyẹn, tí èmi ń fi ògì àti làkúrègbé dí wọn lọ́nà.

A ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Bàbá fi risíìtì lé e lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ṣàpèjúwe ààlà ilẹ̀ náà fún un, igi àràbà tó ti wó àti ibi tí omi ń gbà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹlẹ́yìn dúdú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi kà á. Èmi ń ka orúkọ, Bàbá ń ní, "Ó ti kú. Fa igi lé e. Ìyẹn ò lówó rí, fa igi lé e. Ìyẹn parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n fa igi lé e náà." Ẹ̀gbọ́n mi dé láti Èkó ní ọjọ́ kẹfà, pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ ará Ìkìrun kan, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, àwọn ni wọ́n sì fa igi tó kù. Bàbá wúre fún wa. Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní kí n yí àwọn sí ọ̀tún, mo yí wọn, wọ́n sì lọ láìkígbe.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn dókítà wa ò rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sí ìlú òyìnbó, àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, àwa ẹbí sì ń halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi halẹ̀, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà Ifẹ̀ sọ fún mi pé nínú ìbúra tí àwọn dókítà àgbáyé ń ṣe, wọ́n ti fi kún un láti 2017 pé àwọn á bọ̀wọ̀ fún òmìnira àti iyì aláìsàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin dókítà, bí ọmọ bá ní kí ẹ má sọ fún òbí òun, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, kí ẹ wá ní kó jẹ́ kí ẹ wọlé lọ bá òbí náà pọ̀, kí ẹ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Kí ẹ má sì fi fọ́ọ̀mù lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tó ni ara ti sọ pé òun ò fẹ́. Ẹ̀yin tẹ ní àwọn dókítà kékeré lábẹ́, bí wọ́n bá sọ òtítọ́ fún ẹni tó béèrè, ẹ má bá wọn wí.

Mo ti sọ fún obìnrin tó kọjú sí ìsọ̀ mi pé mi ò ní irọ́ kankan láti kọ́ ọ. Mo ní kó padà lọ bá dókítà, kó ní kó wá jókòó ti màmá. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní èmi á tẹ̀ lé e. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la ó lọ.

Ó ku ohun kan. Dókítà, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, mi ò mọ orúkọ rẹ, mo ti béèrè ẹ, wọ́n ní o ti kúrò níbẹ̀. Bí o bá ka lẹ́tà yìí, Bàbá kí ẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n ní kí n mú aṣọ òfì aláró kan láti ìsọ̀, èyí tí wọ́n máa ń ní kì í ṣe títà, wọ́n ní kí n wá ẹ rí kí n fi fún ẹ. Mi ò tíì tà á. Ìsọ̀ mi wà lápá ọ̀tún bí o bá gba ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ọjà, béèrè Ìyá Aláṣọ, ẹnikẹ́ni á júwe rẹ̀ fún ẹ. Má mú owó kankan dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aláṣọ, ọmọ Òṣómàáló,
Ìjọ̀fì, Iléṣà.